Ẹja Imú

Ohun tó máa ń jí mi láràárọ̀ nílé wa kì í ṣe àkùkọ, kì í sì í ṣe ariwo òkun. Abẹ̀bẹ̀ ìyá mi ni. Pá! lára ògiri. Pá! lórí ìdérí ìkòkò. Èmi á nà gbalaja lórí ẹní, màá máa gbọ́ bó ṣe ń lé eṣinṣin láti iyàrá dé ilé ìdáná, tí yóò máa bá wọn sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń bá orogún wí: "Ẹ kúrò nílé mi. Ẹ ti ṣe èyí tẹ́ ẹ ṣe, ó tó." Lẹ́yìn náà ni màá tó gbọ́ àáké bàbá mi níbi tó ti ń gbẹ́ ọkọ̀ lábẹ́ àwọn igi àgbọn, kó, kó, kó, tí èéfín èèpo àgbọn láti ibi ààrò ẹja yóò sì gba ojú fèrèsé wọlé wá bá wa lórí ẹní. Àárín omi méjì ni ilé wa wà, ọ̀sà lẹ́yìn, òkun níwájú, ní ìhà Ajah níbí, ibi tí gbogbo ayé wá ń du ilẹ̀ sí lónìí. Nígbà náà, ta ló fẹ́ wá gbébẹ̀? Iyanrìn ló wà níbi tí títì wà báyìí. Ẹni tó bá ń lọ sí Èkó, ọkọ̀ ojú omi ló ń wọ̀, a ó sì sìn ín dé èbúté bí ẹni tó ń lọ sí Mẹ́kà. Ẹ má bi mí léèrè ọdún tó jẹ́. Ọdún tí wọ́n bí àbúrò mi Múínà ni, ọdún náà ni imú Ìyá Àgbà kú. Ohun tí mo fi ń dá a mọ̀ nìyẹn, ó sì tó mi.

Ìyá Àgbà ni ìyá tó bí bàbá mi. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó dúdú, kì í pariwo, bó bá sì sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan kò ní tún un sọ. Òun ló ń bá gbogbo obìnrin etí omi gbóòórùn ẹja. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín, iṣẹ́ gidi ni. Kí wọ́n tó bí mi, wọ́n jẹ ẹja níbi ìgbéyàwó kan ní abúlé kejì sí tiwa. Ẹja náà ti bàjẹ́ nínú, ata àti iyọ̀ ni ò jẹ́ kí wọ́n mọ̀, ó sì gbé èèyàn lọ. Láti ìgbà náà ni àwọn obìnrin ẹlẹ́ja ti fẹnu kò pé ẹja kankan ò gbọdọ̀ gun orí ààrò, kò sì gbọdọ̀ wọ ọkọ̀ Èkó, bí Ìyá Àgbà ò bá tíì fi imú kàn án. Bí ọkọ̀ bá ti gúnlẹ̀, ó ti wà níbẹ̀. Yóò mú ẹja kan láti ìsàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀, kì í mú tòkè láéláé, yóò ṣí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, yóò gbé e súnmọ́ imú, yóò sì dijú. Gbogbo etí omi á dákẹ́. Yóò wá ní, "Gbé e lọ," tàbí kó ní, "Rì í mọ́lẹ̀." Kò sẹ́ni tó ń bá a jiyàn, ìbáà jẹ́ apẹ̀rẹ̀ ẹni tó ti wakọ̀ láti òwúrọ̀ kùtù. Nínú apẹ̀rẹ̀ kọ̀ọ̀kan tó bá wò, wọn á yọ ẹja kan fún un, ẹja náà la ń pè ní ẹja imú. Ẹja imú ni wọ́n fi tọ́ bàbá mi. Òun náà la fi ń jẹ̀bà nílé wa ní àsìkò tí ẹni tó fẹ́ gbẹ́ ọkọ̀ kò bá yọjú. Ṣùgbọ́n oúnjẹ kọ́ ni pàtàkì rẹ̀. Bí mo bá ń kọjá lọ sódò, tí àwọn obìnrin bá ní, "Ọmọ onímú ló ń lọ yẹn," ọrùn mi a máa gùn sí i.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, ọyẹ́ mú débi tó fi ya àwọn àgbà pàápàá lẹ́nu létí òkun. Òtútù kì Ìyá Àgbà mọ́lẹ̀. Ọ̀fìnkìn dí i nímú, ara rẹ̀ gbóná, a ò gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú ilé fún ìgbà pípẹ́, bàbá mi sì fi àáké sílẹ̀, ó jókòó tì í. Àlùbáríkà ni, ó dìde. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e dé etí òkun mọ́, ni àwọn obìnrin bá ń gbé apẹ̀rẹ̀ wọn wá bá a nílé. Bàbá mi kan tábìlì kan fún un sábẹ́ igi fúrúùtù tó wà láàárín agbo ilé, ibẹ̀ ló ń jókòó sí. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó jókòó ti iná, ó ń bó ẹ̀gúsí, ìkòkò ẹ̀wà sì wà lórí iná lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gan-an. Èmi ń bọ̀ láti ibi kànga. Òórùn ẹ̀wà tó ń jó ló wá pàdé mi lọ́nà. Mo sáré dé ibẹ̀, mo bá a tó ń bó ẹ̀gúsí rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. "Ìyá, ẹ̀wà ń jó." Ó gbójú sókè, ó wo ìkòkò, ó wo ojú mi. "Mo mọ̀," ló wí. "Mo fẹ́ kó jó díẹ̀ ni." Ta ló ń fẹ́ kí ẹ̀wà jó díẹ̀? Mo gbé ìkòkò kalẹ̀. Ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa kì í sọ fún àgbà pé irọ́ ló pa. Wọ́n kọ́ mi dáadáa, ṣùgbọ́n ojú mi là.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ṣọ́ ọ. Bí wọ́n bá gbé ẹja dé, kì í yára gbé e sí imú mọ́. Yóò tẹ́ ẹ sórí tábìlì, yóò wá máa bá ẹni tó ni ín sọ̀rọ̀: ọkọ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́, ewúrẹ́ tó bí ní ìjẹta ńkọ́. Ẹnu rẹ̀ ló wà lọ́dọ̀ wọn, ojú rẹ̀ wà lórí tábìlì. Eṣinṣin á dé. Bí ẹja bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lómi, àwọn eṣinṣin ilé kéékèèké ló máa ń wá. Wọn á bà, wọn á fọwọ́ ra ọwọ́, wọn á fò lọ, wọn á tún padà. Ṣùgbọ́n bí ìbàjẹ́ bá ti wọ ikùn ẹja náà, bó ti wù kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ pupa tó, ẹ ó rí eṣinṣin ńlá aláwọ̀ ewé nì, tó ń dán bí ìlẹ̀kẹ̀. Òun kì í bà kó fò. Yóò dorí kodò, yóò máa rìn wá ibi tí yóò gbà wọlé, ẹnu ẹja tàbí ìdí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹ lé e, yóò padà. Nígbà tí Ìyá Àgbà bá ti rí ohun tó ń wá, ìgbà náà ni yóò gbé ẹja súnmọ́ imú, fún ojú ayé. Èmi sì rí i pé kì í dijú mọ́.

N kò mọ̀ bóyá ó fura pé mo ti mọ̀. Ó kàn pè mí lọ́jọ́ kan ni, "Àṣàkẹ́, wá jókòó síbí. Ìgbà tí ẹja bá wà ní tútù la ń ká a." Rísíkátù lorúkọ mi, òun nìkan ló ń pè mí ní Àṣàkẹ́, bó bá sì ti pè mí bẹ́ẹ̀, mo mọ̀ pé ẹ̀kọ́ ti dé. Ó fi eṣinṣin kan hàn mí lórí tábìlì. Ó ní kí n wo ìwo kékeré méjì tó wà níwájú orí rẹ̀, pé ibẹ̀ ni imú rẹ̀ wà, pé ìdí tó fi ń nù wọ́n ní gbogbo ìgbà nìyẹn. Ó bi mí pé bí ìyá mi bá ń se ọbẹ̀, kí ni mo máa ń gbóòórùn. Mo ní ọbẹ̀ ni. "Ṣé o kì í gbóòórùn epo lọ́tọ̀, irú lọ́tọ̀, ata lọ́tọ̀?" Mo ní rárá, ọbẹ̀ ni. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ náà ni fún eṣinṣin. Òórùn kì í dá rìn. Òkun wà lára ẹja, ẹ̀jẹ̀ wà lára rẹ̀, igi ọkọ̀ àti òógùn ọwọ́ wà lára rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ló ń para pọ̀ dé ọ̀dọ̀ eṣinṣin lẹ́ẹ̀kan náà, òun náà á sì wá mọ̀ pé èyí ni òun ń wá, tàbí èyí kọ́. Ṣùgbọ́n bí o bá fi nǹkan mìíràn kún un, ọ̀nà á dà rú mọ́ ọn lójú." Èmi náà rí èyí fúnra mi. Ọkùnrin adẹ́mu kan gbé kèrègbè ògùrọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì wa lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ní òun fẹ́ kí bàbá mi. Kíá ni kantíkantí bo ẹnu kèrègbè, eṣinṣin ilé sì fi ẹja sílẹ̀, wọ́n yà sọ́dọ̀ ẹmu. Ìyá Àgbà ní kò sí ẹja tí òun máa wò bí wọn ò bá gbé kèrègbè yẹn kúrò ní àgbàlá òun. Àwọn obìnrin ń mi orí. Wọ́n ní, ìyá yìí mà kúkú lẹ́sìn o, òórùn ọtí lásán ò fẹ́ kó kan òun. Mo wo Ìyá Àgbà, ó wo ibòmíràn.

Ìyá mi ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ wàyí, mo sì fẹ́ sọ ọ́ dáadáa, torí àwọn tó gbọ́ ìtàn yìí lẹ́nu ẹlòmíràn máa ń dá a lẹ́bi. Ìyá mi ti bí ọmọkùnrin kan lé mi. Ọmọ náà ti ń rá, ó ti ń pe "ìyá", kí ìgbẹ́ gbuuru tó mú un. A ò rí ọkọ̀ tó máa gbé e dé ibi tí dókítà wà. Lẹ́yìn tí wọ́n sin ín, wolé-wolé wá yẹ ilé wò, ó yẹ ìdí ààrò, ó yẹ ibi tí a ń dalẹ̀ sí, ó wá sọ fún ìyá mi pé eṣinṣin ló gbé àrùn náà wọlé, pé láti orí ìgbẹ́ ni wọ́n ti ń wá bà sórí ẹ̀kọ ọmọ. Ó sọ ọ́, ó gbé báàgì rẹ̀, ó lọ. Ìyá mi ò sunkún. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pa eṣinṣin. Àti àárọ̀ ọjọ́ kejì ni abẹ̀bẹ̀ yẹn ti ń dún, kò sì dákẹ́ mọ́. Ní ọdún tí mò ń wí yìí, oyún tún ti wà nínú rẹ̀, ó sì ti pinnu pé eṣinṣin kankan ò ní bà lé ọmọ tó ń bọ̀. Ó gbin ẹfinrin yí ilé ká, ó gbin ewé tíì sí ẹnu ọ̀nà. Ó ń sá èèpo ọsàn, ó ń da gbogbo rẹ̀ pọ̀ mọ́ ẹfinrin gbígbẹ sínú ìkòkò ẹyinná, ó ń gbé e kiri agbo ilé. Ó ní òun ti dán ẹfinrin nìkan wò, wọ́n kúrò, wọ́n padà. Òun ti dán èèpo ọsàn nìkan wò, kò ṣe nǹkan kan. Ìgbà tí òun pa wọ́n pọ̀ ni wọn ò mọ ọ̀nà ilé wa mọ́. Òótọ́ ni. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ilé wa mọ́ débi pé a lè ṣí àwo ọbẹ̀ sílẹ̀. Bàbá mi yìn ín. Ìyá Àgbà jókòó ti tábìlì rẹ̀ lábẹ́ igi fúrúùtù, ó ń wo ẹja tí kò sí ohun tó bà lé e.

Ibẹ̀ ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀. "Ìyá Rísí, èéfín yìí pọ̀ jù." "Ìyá, eṣinṣin ló pọ̀ jù." "O ń bo òórùn ẹja mọ́ mi lójú." Ìyá mi ní, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fara dà á, ọmọ inú mi yìí ni mò ń ṣe é fún. Ìyá Àgbà ní kí bàbá mi gbé tábìlì òun lọ sí ìdí ọ̀sà, bàbá mi sì gbé e lọ. Ṣùgbọ́n òjò dé. Ọdún náà, òjò rọ̀ bí ẹni pé wọ́n ṣí i sílẹ̀ gbàgbé, wọ́n tún gbé tábìlì padà sábẹ́ àjà ẹ̀yìnkùlé. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, a jí bá Ìyá Àgbà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú ilé, ó ń fa ẹfinrin tu. Ìyá mi jáde pẹ̀lú ikùn rẹ̀ ńlá. Kò pariwo. Ó ní, "Ìyá, ṣé ẹ fẹ́ kí èyí náà lọ ni?" Ìyá Àgbà dìde, ewé wà lọ́wọ́ rẹ̀, erùpẹ̀ wà ní orúnkún rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ là, mo rò pé yóò sọ ọ́. Ó ní, "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́," ó sì wọlé lọ sórí ẹní ìrun rẹ̀. Ìyá mi tún ẹfinrin rẹ̀ gbìn, omijé ń kán sí i. Láti ọjọ́ náà, ìyàwó àti ìyá ọkọ kì í jẹun papọ̀ mọ́. Mo bi bàbá mi pé kí ló dé. Ó ní, "Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ," ó mú àáké rẹ̀. Èmi nìkan ni mo mọ èje náà. Ẹrù ńlá ni fún ọmọ kékeré. Bí mo bá sọ̀rọ̀, mo ti já ìyá àgbà mi sí ìhòòhò lójú gbogbo etí omi. Bí mo bá dákẹ́, ìyá mi ń rò pé ìyá ọkọ òun ń wá ikú ọmọ òun.

Wọ́n bí Múínà láyọ̀. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, agbo ilé kún. Ìyá mi ti mú kí èéfín ẹfinrin àti èèpo ọsàn nípọn débi pé ojú àwọn ààfáà ń ta. Lẹ́yìn àdúrà ni Ìyá Sùrá dé láti Ẹlẹ́kọ̀, obìnrin ẹlẹ́ja tó ti pẹ́ pẹ̀lú Ìyá Àgbà. Ó gbé òbòkún kan wá fún ìyá ọlọ́mọ, ẹja tó gùn tó apá mi. Afẹ́fẹ́ ti dá ọkọ̀ rẹ̀ dúró lójú ọ̀sà, oòrùn sì ti pa ẹja náà lọ́nà. Torí pé ẹ̀bùn ni, ó ti fi ọsàn wẹ́wẹ́ pa á lára, ó fọ̀ ọ́, ó ń dán. Kò ní ohun búburú lọ́kàn, bí wọ́n ṣe ń tún ẹja ọlá ṣe nìyẹn. Nílé wa, ìyá ọlọ́mọ ló ń kọ́kọ́ jẹ ẹja ọjọ́ náà, nínú omi ọbẹ̀ tó ta, kí ọmú lè sọ̀. Wọ́n tẹ́ òbòkún sórí tábìlì níwájú Ìyá Àgbà. Gbogbo èèyàn dákẹ́, bí wọ́n ti máa ń dákẹ́. Ó béèrè ọkọ Ìyá Sùrá, ó béèrè àwọn ọmọ rẹ̀. Ojú rẹ̀ wà lórí ẹja. Kò sí eṣinṣin kan. Ó tún béèrè ọkọ tó ti béèrè tẹ́lẹ̀, ẹnì kan sì rẹ́rìn-ín. Ó fi ìka tẹ ẹja náà, ó ṣí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ti fọ̀. Wọ́n ń wò ó. Kí ni kó sọ? Pé òun ò mọ̀? Ó gbé e súnmọ́ imú. Lọ́jọ́ náà, ó dijú. "Ẹ gbé e wọlé," ló wí. "Ó dára."

Èmi ni wọ́n ní kí n fi abọ́ gbé ẹja náà lọ sí ilé ìdáná. Mo gbé e, mo rìn díẹ̀. Mo wá gbóòórùn rẹ̀ nísàlẹ̀ ọsàn wẹ́wẹ́, nísàlẹ̀ ẹfinrin, ohun kékeré kan tó dùn lọ́nà tí ẹja ò gbọdọ̀ gbà dùn. N kò yà sí ilé ìdáná. Mo gba ẹ̀yìn ilé jáde, mo kọjá ààrò, mo kọjá ọkọ̀ tí bàbá mi ń gbẹ́, mo lọ sí ìdí ọ̀sà níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ láti ojú omi, tí èéfín ilé wa ò dé. Mo da omi sí ẹja náà, mo fi kàn-ìnkàn-ìn fọ ọsàn kúrò lára rẹ̀, mo tẹ́ ẹ sórí pákó, mo jókòó tì í. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ Ìyá Àgbà lẹ́yìn mi. Ọ̀pá wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Àṣàkẹ́, ṣé orí rẹ pé? Wọ́n ń wá ẹja." Mo súnra sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó lè rí pákó. Eṣinṣin aláwọ̀ ewé kan dé, ó dorí kodò, ó ń rìn lọ sí ìdí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Èkejì dé. Kò pẹ́, a ò lè kà wọ́n mọ́. Ìyá Àgbà gbé ọ̀pá kalẹ̀, ó jókòó sí etí ọkọ̀ àtijọ́ kan tó wà létí omi níbẹ̀. Ó ní, "Láti ìgbà wo lo ti mọ̀?" Mo ní, "Láti ọjọ́ ẹ̀wà, Ìyá." Ó ní, "O ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni." Mo ní n ò sọ. Ó fi etí aṣọ nu ojú rẹ̀. Ó ní, "Gbé ẹja yẹn. Jẹ́ ká lọ."

Mo rò pé ó fẹ́ ká rì í mọ́lẹ̀ ni. Àárín àwọn èèyàn ló mú mi lọ. Ó dúró níwájú wọn, èmi dúró ti abọ́, ìyá mi sì ti yọ jáde láti iyàrá pẹ̀lú Múínà láyà. Ìyá Àgbà ní, "Ìyá Sùrá, má bínú. Ẹja rẹ ti bàjẹ́, mo sì ní kí wọ́n fi bọ́ ìyàwó mi. Imú mi ti kú. Àti ìgbà ọyẹ́ ló ti kú. Ẹja tí mo ti ń wò fún yín láti ìgbà náà, eṣinṣin ló ń bá mi wò ó." Ó yíjú sí ìyá mi. "Màlúù tí ò nírù, Olúwa ní ń bá a léṣinṣin. Èmi tí ò nímú, eṣinṣin ni Olúwa fi ń bá mi gbóòórùn. Ìdí tí mo fi ń tu ẹfinrin rẹ nìyẹn, Ìyá Rísí. Kì í ṣe ọmọ rẹ ni mò ń bá jà." Ìyá mi kúnlẹ̀ pẹ̀lú ọmọ lọ́wọ́. "Ẹ ò wá sọ fún mi, Ìyá?" "Kí n sọ pé kí ni? Pé kí o jẹ́ kí eṣinṣin bà lé ọmọ rẹ nítorí orúkọ mi?" Ibẹ̀ ni ìyá mi ti sunkún tí kò sun nígbà tí ọmọ rẹ̀ kú. Ó sun ún débi pé wọ́n gba Múínà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá Àgbà bẹ̀rẹ̀, ó di orí ìyá mi mú, òun náà ń sunkún, àwọn àlejò sì ń wo ilẹ̀.

Ẹ má rò pé ó parí síbẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ náà, apẹ̀rẹ̀ kankan ò wá sílé wa mọ́. N ò bá àwọn obìnrin wí, ẹ̀rù ló bà wọ́n. Wọ́n ń kọjá, wọ́n ń kí Ìyá Àgbà pẹ̀lú ọ̀wọ̀, wọ́n ń gbé ẹja wọn lọ. Òun náà á jókòó ti tábìlì òfìfo, yóò gbọ́wọ́ lé itan. Mo bínú sí wọn nígbà náà, kí n sọ òótọ́, ó ku díẹ̀ kí n máa bínú títí dòní. Ìyá mi ló yanjú rẹ̀. Ní òwúrọ̀ kan tí òjò ti dá, abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ ò dún. Mo jáde, mo bá a tó ń wọ́ tábìlì lọ sí ìdí ọ̀sà, kó lè jìnnà sí gbogbo ewé rẹ̀. Ó lọ ra ṣáwá létí omi, ó gbé e gba àárín àwọn obìnrin kọjá, ó tẹ́ ẹ síwájú ìyá ọkọ rẹ̀, ó kúnlẹ̀. "Ìyá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wò ó." Ìyá Àgbà wo ojú rẹ̀ títí. Ó wá wo orí tábìlì. Eṣinṣin dé. Ìyá mi, tó ti ń pa wọ́n lójoojúmọ́ láti ìgbà tí ọmọ rẹ̀ ti kú, ká ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn. Wọ́n bà, wọ́n fọwọ́ ra ọwọ́, wọ́n fò lọ. "Gbé e lọ," ni Ìyá Àgbà wí. Ìyá mi mú ẹja kan nínú apẹ̀rẹ̀, ó gbé e lé e lọ́wọ́. Ẹja imú nìyẹn. Gbogbo etí omi ló rí i. Kí òṣù náà tó parí, Ìyá Sùrá ti gbé apẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ wá, àwọn tó kù sì tẹ̀ lé e.

Ọmọ mi obìnrin kàwé nípa kòkòrò. Ó ń ṣàlàyé fún mi lọ́jọ́ kan pé bí òórùn méjì bá pàdé, ọ̀kan lè bo èkejì mọ́lẹ̀, tàbí kí méjèèjì di ẹ̀kẹta tí kòkòrò náà ò pàdé rí, kó má mọ ohun tí yóò ṣe sí i. Mo ní mo ti gbọ́ ọ rí, létí ọ̀sà. Ó ní kí n sọ ọ́ fún òun bí Ìyá Àgbà ṣe sọ ọ́, mo sì sọ ọ́. Ibi tí tábìlì yẹn wà, ògiri gíga ló wà níbẹ̀ báyìí, a ò rí ọ̀sà mọ́ láti ibẹ̀. Ẹja inú fíríjì làwọn ọmọ mi ń rà fún mi ní Lẹ́kkí, wọ́n wé e ní ọ̀rá, eṣinṣin kan ò wò ó lójú rí. Mo ń jẹ ẹ́ kí wọ́n má bàa bínú.

Ìyá Àgbà kú nígbà tí Múínà ti ń lọ sílé kéú. Wọ́n wẹ̀ ẹ́, wọ́n fi káńfọ̀ àti lọ́fínńdà sí i lára, wọ́n wé e ní aṣọ funfun, àwọn obìnrin sì ń jó ẹfinrin àti èèpo ọsàn sí ẹnu ọ̀nà bí ìyá mi ṣe kọ́ wọn. N kò mọ ọ̀nà tí eṣinṣin kan gbà la gbogbo òórùn yẹn kọjá. Ó wọlé, ó yí po, ó bà sórí aṣọ funfun níbi tí ojú Ìyá Àgbà wà, ó ń nu ìwo rẹ̀ méjèèjì. Ìyá Sùrá gbé abẹ̀bẹ̀ sókè. Ìyá mi di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ẹ fi í sílẹ̀," ló wí. "Imú Ìyá ni."